Losungen ti Herrnhut: ìwé kékeré fún ẹni tó fẹ́ máa gbàdúrà fún àwọn ìjọ Jámánì

Ìwé náà kéré. Ó wọ àpò ẹ̀wù, owó ẹ̀dà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù kò tó yúrò 10, kò sì sí àlàyé kankan lábẹ́ ẹsẹ Bíbélì tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ ti ilé wa máa ń ní àkọlé, ẹsẹ àkọ́sórí, ìwàásù ráńpẹ́ àti kókó àdúrà méje nísàlẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ti mọ́ lára yóò ṣí Losungen, yóò máa wò ó pé ṣé wọn ò gé e kù báyìí. Wọn ò gé e kù o. Bó ṣe ń jáde nìyẹn: ẹsẹ kan láti inú Májẹ̀mú Láéláé, ọ̀kan láti inú Májẹ̀mú Titun, ẹsẹ orin tàbí àdúrà kúkúrú kan, ó tán.

A yẹ ìwé yìí wò fún iṣẹ́ kan pàtó, ìyẹn àdúrà ẹ̀bẹ̀ fún àwọn ìjọ Kristi láàárín àwọn ará Jámánì lónìí, yálà ẹni tó ń gbàdúrà náà wà ní Hamburg tàbí ní Òṣogbo. Fún iṣẹ́ yìí, a ò tíì rí ohun èlò tó dáa jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹsẹ tí ẹ bá kà láàárọ̀ ni ìyá àgbà kan ní abúlé kan ní agbègbè Württemberg ń kà nídìí tíì rẹ̀, òun náà ni wọn yóò fi ṣí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ nírọ̀lẹ́, òun náà ni àlùfáà ilé ìwòsàn yóò kà fún aláìsàn. Ẹ ò dúró lókèèrè gbàdúrà nípa wọn, ẹ ti bá wọn jókòó. Àmọ́ ohun méjì ni ìwé náà kì í fún ni, ẹni tí kò bá sì wá wọn fúnra rẹ̀ yóò pa á tì kí oṣù Èrèlè tó parí. Èkíní ni bí a ṣe ń rí ẹsẹ rẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá. Èkejì ni ìròyìn àwọn ìjọ tí a ń gbàdúrà fún.

Ọ̀rọ̀ ológun ni orúkọ náà, Losung: ọ̀rọ̀ tí ṣọ́jà ń sọ fún ẹ̀ṣọ́ lóru kí ẹ̀ṣọ́ lè mọ̀ pé ará ilé ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Èbìbí 1728, Nikolaus Ludwig von Zinzendorf, ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ náà, fún àwọn ará tó pé jọ ní Herrnhut ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn yóò fi wọ ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun kiri ilé 32 tó wà ní abúlé náà, láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Nígbà tó di 1731 wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, kò sì tíì já láti ìgbà náà: ti ọdún 2026 ni ẹ̀dà 296. Herrnhut fúnra rẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn Sachsen, nítòsí ààlà Poland àti Czech. Àwọn Krìstẹ́nì tó sá kúrò ní Moravia nítorí inúnibíni ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1722, lórí ilẹ̀ Zinzendorf. Níbẹ̀ ni ọkùnrin 24 àti obìnrin 24 ti pín wákàtí ọ̀sán àti òru mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní 27 oṣù Ògún 1727, kí àdúrà má baà dákẹ́. Ìṣọ́ àdúrà yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó bá gbà pé àwọn ará Jámánì kò mọ àdúrà gbà kò tíì gbọ́ ìtàn ìlú yìí.

Bí wọ́n ṣe ń yan ẹsẹ náà yẹ kí ẹ mọ̀, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ kọ Yorùbá lóminú nìyẹn. Àkójọ ẹsẹ Májẹ̀mú Láéláé tó tó 1,800 wà ní Herrnhut, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ìrúwé, wọ́n á kó nọ́ńbà náà sínú abọ́, wọ́n á sì máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ń ṣe é: èyí tí wọ́n bá fà ní 2025, ti 2028 ni. Ẹsẹ Májẹ̀mú Láéláé nìkan ni wọ́n ń fi kèké mú. Ènìyàn ló ń jókòó wá ẹsẹ Májẹ̀mú Titun tó bá a lọ, ènìyàn náà ló ń wá orin tàbí àdúrà tó tẹ̀ lé e.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń dá nǹkan wò? Rárá. Kò sí ẹni tó ń bi abọ́ náà léèrè bóyá kí òun rìnrìn àjò tàbí kí òun má lọ. Ohun tí kèké náà ń ṣe ni pé ó ń gba yíyàn kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ka Bíbélì. Bí ó bá jẹ́ tiwa ni, ẹsẹ ìbùkún nìkan la ó máa mú. Kèké yóò mú ìkìlọ̀ wòlíì Ámósì wá, yóò mú ẹkún wá, yóò mú ẹsẹ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ràn. Àṣìlò tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gba ẹsẹ ọjọ́ náà bí àsọtẹ́lẹ̀ fún ara rẹ̀, kó máa fi wá nọ́ńbà tàbí kó fi dáná ìjà ilé. Ẹ rántí pé àìmọye ènìyàn ló ń ka ẹsẹ kan náà ní ọjọ́ kan náà, ní èdè tó lé ní 50. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí tí a rán sí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wo ojú ewé kan ní pẹ́kípẹ́kí. Ní 20 oṣù Agẹmọ 1944, Dietrich Bonhoeffer, àlùfáà tó tako Hitler, wà ní ẹ̀wọ̀n Tegel ní Berlin. Ọjọ́ yẹn ni àwọn tó gbìmọ̀ láti pa Hitler gbé bọ́ǹbù sí ìtòsí rẹ̀, tí Hitler kò kú. Losung ọjọ́ náà ni Sáàmù 20,8, ẹsẹ Májẹ̀mú Titun sì ni Róòmù 8,31: bí Ọlọ́run bá wà fún wa, ta ni yóò kọjú ìjà sí wa? Ti ọjọ́ kejì ni Sáàmù 23,1 àti Jòhánù 10,14, olùṣọ́-àgùntàn nínú méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì yẹn ni Bonhoeffer kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mẹ́nu ba ẹsẹ ọjọ́ méjèèjì nínú rẹ̀. Ó ti mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà ti dí. Kò sí àlàyé kankan lábẹ́ ẹsẹ náà nínú ìwé rẹ̀, kò sì wá a.

Wàyí o, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí Sáàmù 20 ẹsẹ 8. Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni pé wọ́n wólẹ̀, wọ́n sì ṣubú. Kì í ṣe ohun tí Bonhoeffer kà nìyẹn. Èyí tó kà ni "Àwọn ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀lé kẹ̀kẹ́, àwọn ẹlòmíràn lé ẹṣin: ṣùgbọ́n àwa ó rántí orúkọ Olúwa Ọlọ́run wa," ẹsẹ 7 sì ni nínú Bíbélì tiwa. Ibi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ra ìwé yìí ti ń sọ pé wọ́n tẹ nọ́ńbà kù nìyí. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ kù. Bíbélì Luther tí àwọn ará Jámánì ń lò máa ń ka àkọlé Sáàmù mọ́ ẹsẹ, irú bí "Sí olórí akọrin, Sáàmù ti Dáfídì". Bíbélì Yorùbá tẹ̀ lé ti Gẹ̀ẹ́sì, kò ka àkọlé kún un.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí Sáàmù náà bá ní àkọlé tó dá dúró, ẹ yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà ìwé Jámánì. Sáàmù 46,2 tiwọn ni 46:1 tiwa. Nínú Sáàmù 51, 52, 54 àti 60 ni àkọlé ti gùn tó ẹsẹ méjì, níbẹ̀ 2 ni ẹ ó yọ: nígbà tí ìwé bá kọ 51,12, ẹ lọ sí 51:10, ẹ ó bá "Dá àyà tuntun sínú mi, Ọlọ́run" níbẹ̀. Sáàmù tí kò ní àkọlé rárá kì í yí padà, àwọn tí àkọlé wọn kúrú tó sì wà nínú ẹsẹ kìíní gan-an kì í yí padà pẹ̀lú, bíi 23 àti 121.

Lẹ́yìn Sáàmù, ẹ ó tún máa pàdé rẹ̀ ní àwọn ibòmíràn, ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta. Jóẹ́lì tiwọn ní orí mẹ́rin: ẹsẹ nípa títú Ẹ̀mí jáde sára gbogbo ènìyàn, tó jẹ́ 2:28 lọ́dọ̀ wa, 3,1 ni lọ́dọ̀ wọn. Málákì tiwọn parí ní orí kẹta, nítorí náà Oòrùn Òdodo tó wà ní 4:2 lọ́dọ̀ wa, 3,20 ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àìsáyà orí 9 náà fi ẹsẹ kan yàtọ̀: "Nítorí a bí ọmọ kan fún wa" jẹ́ 9,5 nínú ìwé náà, 9:6 nínú Bíbélì tiwa. Tí ẹ bá ti rí ẹsẹ, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ lè fẹ́ padà síbẹ̀.

Àmì ìkọ̀wé wọn pẹ̀lú yàtọ̀. Kọ́mà ló ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ, kì í ṣe àmì oníkókó-méjì. Bí ẹ bá rí àmì ìdánudúró láàárín nọ́ńbà méjì, bíi Jesaja 43,1.4, ẹsẹ 1 àti ẹsẹ 4 nìkan ni, wọ́n fo 2 àti 3. Àmì ìdákọ, 43,1-4, ló túmọ̀ sí láti 1 dé 4. Ìwé márùn-ún ti Mósè ni wọ́n ń pè ní 1. Mose títí dé 5. Mose, nítorí náà ẹ má wá Jẹ́nẹ́sísì kiri. Hiob ni Jóòbù, Hesekiel ni Ìsíkíẹ́lì, Prediger ni Oníwàásù, Sprüche ni Òwe, Offenbarung sì ni Ìfihàn. Bí wọ́n bá kọ HERR pẹ̀lú lẹ́tà ńlá gbogbo, orúkọ Ọlọ́run tí àwọn Hébérù kì í pè ló dúró fún.

Fún ẹni tó ń kọ́ èdè Jámánì, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ìwé yìí, àmọ́ kó mọ ohun tó ń kó sórí. Bíbélì Luther tí wọ́n tún ṣe ní 2017 ni wọ́n ń lò, èdè rẹ̀ sì jẹ́ èdè ilé ìsìn. Ẹni tó ti yege ìdánwò èdè Jámánì B1 tó ń bá nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa lè jókòó sídìí "Barmherzigkeit" (àánú) àti "Zuversicht" (ìgbẹ́kẹ̀lé) fún ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ kẹta, ìyẹn orin, ló máa ń le jù, torí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Bí kò bá yé yín, ẹ fò ó. Ẹ má jẹ́ kí orin kan dá àdúrà yín dúró.

Nísàlẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó tún rí ibi kíkà méjì láti inú Bíbélì. Èkíní ń bá kókó ọ̀sẹ̀ náà rìn gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ìjọ ṣe là á sílẹ̀. Èkejì jẹ́ kíkà tó ń tẹ̀ síwájú láti ọjọ́ dé ọjọ́, tó ń mú ni la Májẹ̀mú Titun kọjá láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ fi wákàtí kan gbàdúrà kó ka méjèèjì. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú 15 péré kó fi wọ́n sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ẹsẹ méjì àkọ́kọ́.

Ohun mìíràn tó ń da ènìyàn rú ni Jahreslosung, ẹsẹ ọdún. Ọ̀pọ̀ rò pé Herrnhut ni wọ́n ti ń fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1930 ni àṣà ẹsẹ ọdún ti bẹ̀rẹ̀, àjọ kan tí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì àti Àgùdà jọ wà nínú rẹ̀ ló sì ń jókòó yàn án lónìí. Ti 2025 ni 1 Tẹsalóníkà 5:21, ẹ dán ohun gbogbo wò. Ti 2026 ni Ìfihàn 21:5, èmi ń sọ ohun gbogbo di ọ̀tun. Ẹ ó rí i lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, lára káàdì, lára abẹ́là. Ẹ fi ṣe àdúrà fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, kí ẹ sì fi ẹsẹ ojoojúmọ́ ṣe ti ìjọ kọ̀ọ̀kan.

Ìjọ wo? Níbí ni ìwé náà ti dákẹ́, níbí sì ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tó parapọ̀ sínú EKD jẹ́ 20, Landeskirche ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìjọ Àgùdà ní bíṣọ́ọ̀bùríìkì 27, méje nínú wọn jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Àpapọ̀ wọn 47. Ọ̀sẹ̀ méje jẹ́ ọjọ́ 49. Bí ẹ bá mú ọ̀kan lójoojúmọ́, ọjọ́ méjì ṣẹ́kù: ẹ fi ọ̀kan fún àwọn ìjọ òmìnira, ìyẹn Onítẹ̀bọmi, Mẹ́tọ́díìsì, Pẹ́ńtíkọ́sì àti àwọn mìíràn, ẹ fi èkejì fún ìjọ àwọn àjèjì. Báyìí, nínú ọdún kan, ẹ ó ti yí gbogbo Jámánì ká ní ìgbà méje, ọjọ́ díẹ̀ ó sì tún kù. Ẹ kọ orúkọ ìjọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ rẹ̀ ní ìparí oṣù fún oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní kí òun máa ronú orúkọ láàárọ̀ kùtù kì í pẹ́ kó tó dá a dúró.

Ẹ má fi ààlà ìpínlẹ̀ ìjọba wọn ṣe ìwọ̀n. Ìpínlẹ̀ 16 ni Jámánì ní, àmọ́ ààlà Landeskirche tẹ̀ lé ilẹ̀ àwọn ọba àtijọ́. Ní ìpínlẹ̀ Niedersachsen nìkan, márùn-ún ló fi ibẹ̀ ṣe ibùdó: Hannover tí ọmọ ìjọ rẹ̀ pọ̀ jù ní EKD, Braunschweig, Oldenburg, Schaumburg-Lippe, àti ìjọ Reformed tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Leer. Anhalt ló kéré jù nínú gbogbo wọn. Ní ti Àgùdà, Köln ló tóbi jù, Görlitz ló kéré jù.

Nígbà tó bá kan Württemberg, kí ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn fi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni David Hinderer ti wá, òun tó tẹ̀dó sí Kúdẹtì pẹ̀lú Anna aya rẹ̀ ní 1853 lábẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. C. A. Gollmer tó sọ̀kalẹ̀ sí Badagry ní 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti Àjàyí Crowther, ọmọ Württemberg ni òun náà. Gbèsè ìfẹ́ ni àdúrà ọjọ́ yẹn.

Kí ni kí a wá bẹ Ọlọ́run fún? Ẹ má gbàdúrà aláìmọ̀dí. Ní ìparí 2024, ọmọ ìjọ EKD tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 18, ti Àgùdà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 19.8. Ní ọdún yẹn nìkan, nǹkan bí 345,000 ló fi ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sílẹ̀, 321,611 fi Àgùdà sílẹ̀. Fífi ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe kí ènìyàn má wá sí ìsìn mọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ni yóò lọ láti fọwọ́ sí i, ní kóòtù tàbí ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ohun tó so ó mọ́ ìjọba ni owó orí ìjọ: ìpín 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí ènìyàn ń san fún ìjọba, 8 ní Bayern àti Baden-Württemberg. Ẹ ṣàkíyèsí, owó orí ni wọ́n ń ṣírò ọ́ lé, kì í ṣe owó oṣù, nítorí náà kò jọ ìdámẹ́wàá rárá. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó kọ́kọ́ rí i lójú ìwé owó oṣù rẹ̀, òun ló máa ń béèrè pé kí ni òun ń san án fún. Ẹ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú àdúrà: ọ̀dọ́ ọdún 25 tí a ti rì bọmi lọ́mọdé tí kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ Kristi láti ìgbà ìgbọ́wọ́lé.

Owó nìkan kọ́. Ìwádìí tí Àgùdà gbé jáde ní 2018 ka ọmọdé 3,677 tí àlùfáà àti àwọn ẹlẹ́sìn 1,670 bá ṣe ìṣekúṣe láti 1946. Ti EKD jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024: ó kéré tán 2,225 tí wọ́n fi ìyà yìí jẹ, 1,259 tí a fẹ̀sùn kàn, àwọn olùwádìí sì sọ pé èyí tó fojú hàn nìyẹn. Nígbà tí kèké bá mú ẹsẹ ìdájọ́ tàbí ẹkún, ibí ni kí ẹ darí rẹ̀ sí. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tí ọgbẹ́ náà wà lára wọn kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ rere ìjọ. Ọ̀pọ̀ àdúrà tí a ń gbọ́ fún Jámánì máa ń fo èyí, a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí "kí iná ìsọjí jó", àwọn tó jìyà náà á sì tún di ẹni tí a kò rí.

Ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà tún nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lábẹ́ ìjọba kọ́múníìsì tó lo nǹkan bí 40 ọdún, wọ́n fi ayẹyẹ Jugendweihe rọ́pò ìgbọ́wọ́lé fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ìyá àgbà ló kúrò nínú ìjọ, àwọn ọmọ-ọmọ kò tíì wọ inú rẹ̀ rí. Nítorí náà, àdúrà "Olúwa, mú wọn padà" kò bá wọn mu. Wọn ò kúrò níbìkan. Àkọ́gbọ́ ni wọn yóò gbọ́ ọ, kódà ní Wittenberg níbi tí Luther gbé. Síbẹ̀, ní ìlà-oòrùn yìí náà, ní ìjọ Nikolaikirche ní Leipzig, àdúrà àlàáfíà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ló kó ènìyàn jọ títí tí nǹkan bí 70,000 fi jáde sí ìta ní 9 oṣù Ọ̀wàrà 1989 pẹ̀lú abẹ́là lọ́wọ́, láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Monday ni wọ́n ń ṣe é di òní. Ẹni tó bá wà nítòsí kó wọlé, kò sí owó ìwọlé.

Ní ti ìjọ àwọn àjèjì, àwọn ìjọ tí a mọ̀ nílé ló wà níbẹ̀, Ìràpadà, Sẹ̀lẹ́ àti àwọn mìíràn. Púpọ̀ ń yá gbọ̀ngàn ìjọ Jámánì lọ́sàn-án Sunday lẹ́yìn tí àwọn onílé bá ti ṣe tán. Ìlù, aago ìparí ìsìn, àti ilé ìdáná ló sábà ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó tóbi jù wọ́n lọ ni àwọn ọmọ: wọ́n ń gbọ́ ìwàásù ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń ronú ní Jámánì. Losungen lè wúlò nínú ilé bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ ka ẹsẹ náà ní Jámánì, kí bàbá tàbí màmá kà á ní Yorùbá, kí ọmọ sì gbàdúrà ní èdè tó bá wù ú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí àwọn ará Jámánì fúnra wọn ń pé jọ fún àdúrà, ó dára kí àdúrà yín bá tiwọn pàdé. Evangelische Allianz, àjọ tó kó Krìstẹ́nì láti ọ̀pọ̀ ìjọ pọ̀, ní ọ̀sẹ̀ àdúrà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ìlú kan á máa yí ilé ara wọn ká lálaalẹ́. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù Ẹrẹ̀nà ni Weltgebetstag, ọjọ́ àdúrà àgbáyé tí àwọn obìnrin ń ṣètò. Àwọn obìnrin Krìstẹ́nì Nàìjíríà ló kọ ètò ìsìn ti 2026, láti inú Mátíù 11: ẹ wá sọ́dọ̀ mi, gbogbo ẹ̀yin tí ń ṣíṣẹ̀ẹ́. Buß- und Bettag, ọjọ́ ìrònúpìwàdà àti àdúrà, máa ń bọ́ sí Wednesday kan ní oṣù Bélú. Láti 1995 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ ìsinmi, àfi ní Sachsen níbi tí Herrnhut wà.

Ẹ̀dà wo ni kí ẹ rà? Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò ní ààyè ìkọ̀wé tó pọ̀, nítorí náà kò bá ètò ọjọ́ 49 tí a là sílẹ̀ yìí mu dáadáa. Schreibausgabe, ẹ̀dà oníkọ̀wé, ló yẹ iṣẹ́ náà, torí pé ó fi àlàfo sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Großdruck wà fún ẹni tí ojú ń dùn, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ẹ̀dà àwọn ọ̀dọ́ wà, ẹ̀dà Hébérù àti Gíríìkì náà wà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú wà fún àwọn tó wà ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, wàhálà nọ́ńbà Sáàmù kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó lò ó kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí àwọn tó ń gbàdúrà fún ṣe ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó wà nílé ní Nàìjíríà kò nílò kó san owó ìfìwéránṣẹ́. Áàpù Losungen jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹsẹ ọjọ́ náà sì wà lójú losungen.de. Àléébù fóònù ni pé ìfiránṣẹ́ mìíràn máa ń wọlé kí ẹ tó ka ẹsẹ kejì tán. Ẹ pa dátà tí ẹ bá ti ṣí i, kí ẹ da ẹsẹ náà kọ sínú ìwé kan pẹ̀lú orúkọ ìjọ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ̀dà ìwé kó béèrè ní ilé ìtàwé Krìstẹ́nì láti oṣù Ọ̀wàrà, kó lè ráyè kọ orúkọ ìjọ 47 náà sí oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlè kí ọjọ́ kìíní ọdún tó pé.